Kí ló mú kí ọ̀pá ráífù kan wọ́n ju òmíràn lọ?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní Texas tàbí ní Georgia láti ra ráífù tí yóò fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí gbólóhùn mẹ́ta kan lára páálí àti nínú ìpolówó: “cold hammer forged”, “button rifled”, “cut rifled”. Ọlọ́jà á fọwọ́ sọ̀yà pé irú èyí tó wà lọ́wọ́ òun ló dára jù. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì á ní irọ́ ni. Iye owó pàápàá kò la ọ̀rọ̀ náà yéni, torí pé odidi ráífù wà tí kò ju bíi 800 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá lásán wà, tí kò ní igi, tí kò ní ibi tí wọ́n ti ń fà á yìn, tí wọ́n ń tà ní 400.

Ariwo ọjà ló mú un le. Ohun tí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ kò ju ọ̀nà tí wọ́n gbà la ilà sínú irin lọ.

Kí ni ilà ń wá nínú ọ̀pá ìbọn?

Ẹ jẹ́ ká ti ara ìbọn tí a mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán, kò ní ilà kankan. Ọta tí ọdẹ ń kì sí i kò há mọ́ ògiri ọ̀pá, torí bó bá há, kò ní í ṣeé kì láti ẹnu. Bí ẹ̀tù bá ti gbaná, ọta á máa forí gbá ìhín, á máa forí gbá ọ̀hún, títí yóò fi jáde. Ibi tó bá forí gbá kẹ́yìn ló ń sọ ibi tí yóò kọrí sí. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó mọṣẹ́ fi máa ń yọ́ sún mọ́ ẹran dáadáa kó tó yìn ín.

Ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti la ilà sínú ihò ọ̀pá rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, ilà náà ò sì lọ tààrà, ṣe ló ń lọ́ yípo bó ṣe ń lọ. Nínú àlàyé yìí, màá máa pe ibi tó jìn ní poro, màá sì máa pe ibi tó yọ sókè láàárín poro méjì ní ebè. Ọta fẹ̀ díẹ̀ ju àlàfo tó wà láti ebè kan sí ebè tó dojú kọ ọ́. Òjé ni ọta, tàbí òjé tí wọ́n fi bàbà bò, kò le tó irin. Nítorí náà, bí agbára ẹ̀tù bá ti tì í wọlé, ebè á gé wọ ara rẹ̀, á sì máa yí i bó ṣe ń sáré jáde.

Yíyí yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Òkòtó tó ń yí kì í ṣubú. Ìgbà tí ìyípo rẹ̀ bá dẹ̀ ló ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọta tó ń yí náà kì í takìtì lójú afẹ́fẹ́, orí rẹ̀ ló máa ń wà níwájú títí tó fi máa débi tó ń lọ.

Àwọn baba wa ti fojú rí ohun tí èyí lè ṣe. Nígbà Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ ní tiwọn rí àwọn ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń kì láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn èèyàn wọn tó wà l'Ékòó, Snider sì wà lára wọn. Ibi tí ọta ṣakabùlà ò lè dé, ibẹ̀ ni Snider ti ń ṣọṣẹ́. Poro mẹ́ta péré ló sì wà nínú ọ̀pá Snider gígùn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò! Ìlọ́ rẹ̀ rọra débi pé ọta ní láti rin ínǹṣì 78 kó tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀pá náà ò sì gùn ju nǹkan bí ínǹṣì 36 àbọ̀ lọ. Ọta kì í tilẹ̀ yí dé ìlàjì kó tó jáde, síbẹ̀ ó tó láti yí ọwọ́ ogun padà.

Ìlọ́ tó yá kọ́ ló dára jù, o. Ọta tó gùn ń fẹ́ ìlọ́ tó yá, ọta kúkúrú kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ráífù tó padà di M16, ìyípo kan ní ínǹṣì 14 ni wọ́n fún un. Nínú òtútù ilẹ̀ Alaska, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ki, ìyípo yẹn kò tó láti mú ọta dúró déédéé, wọ́n bá sọ ọ́ di ínǹṣì 12 ní 1963. Nígbà tí ọta tó gùn jù ú lọ dé láàárín 1980 sí 1989, ó di ínǹṣì 7.

Kí là ń pè ní ìbọn tó péye?

Kì í ṣe èyí tó bá ojú àmì lẹ́ẹ̀kan. Oríire lè ṣe ìyẹn. Ohun tí àwọn tó ń dán ìbọn wò máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé e lé àpò iyanrìn lórí tábìlì, wọ́n á yin ọta márùn-ún sí ojú kan náà láti 100 yáàdì, wọ́n á wá wọn àlàfo tó wà láàárín ihò méjì tó jìnnà síra jù. Bó bá jẹ́ ínǹṣì kan, ráífù ọdẹ tó dára nìyẹn. Nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní benchrest, ihò márààrún máa ń wọ inú ara wọn débi pé wàá rò pé ọta kan ṣoṣo ló kọjá níbẹ̀, tí ihò rẹ̀ kàn ya díẹ̀.

Bí ihò márààrún bá kóra jọ sápá òsì àmì, kò sí wàhálà, a óò yí ojú awò tí wọ́n fi ń wo àmì lórí ìbọn. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri ni ọ̀ràn wà.

Àìdọ́gba ló ń fọ́n wọn ká. Bí ihò ọ̀pá bá fún níbì kan, tó tún fẹ̀ níwájú, ọta tó ti há dáadáa á tún tú, èyí tó burú jù sì ni kó fẹ̀ nítòsí ẹnu, níbi tí kò ti sí àyè àtúnṣe mọ́. Bí ìlọ́ bá yá níbì kan tó sì lọ́ra níbòmíràn, ebè á tún máa gé ojú tuntun sára ọta. Ẹ̀kẹta ni kò hàn sójú: irin tí wọ́n fipá tẹ̀ tàbí fipá lù máa ń ní ìfúnpá tó há sínú rẹ̀. Bí ọ̀pá bẹ́ẹ̀ bá gbóná, ó lè tẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, kí ọta àkọ́kọ́ àti ìkarùn-ún má sì lọ sí ibì kan náà.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀pá ìdíje ń fi afẹ́fẹ́ wọn inú ihò láti ìdí dé ẹnu: wọ́n á ti ohun ìwọ̀n kan bọ inú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń ti ara rẹ̀ jáde, bí ihò bá sì fẹ̀ tàbí bó bá fún, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ. 0.0001 ínǹṣì ni ìdiwọ̀n tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n.

Ihò ni ó ṣáájú

Ọ̀nà yòówù kí wọ́n fẹ́ gbà la poro, irin róbótó tí kò ní ihò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò dá ihò náà lu láti orí dé ìdí. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin gan-an ló ń yí, ohun tó ń lu ú dúró, òróró sì ń fi agbára tú sínú ihò láti fọ èérún irin jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irinṣẹ́ mìíràn gbò ó kí ó lè dán, kí ó sì dọ́gba. Bí ihò yìí bá wọ́, kò sí poro tó lè tún un ṣe.

Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣẹ́ kan wà nílé iṣẹ́ ìbọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n na ọ̀pá tó wọ́ lọ. Oníṣẹ́ náà á kọ ojú ọ̀pá sí fèrèsé, á wo inú rẹ̀. Òjìji igi fèrèsé á hàn lára ògiri ihò tó ń dán. Bí òjìji náà bá tọ́, ọ̀pá tọ́. Bó bá ṣẹ́ níbì kan, ó ti mọ ibi tí yóò lù nìyẹn. Ojú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì pọ̀.

Ọ̀nà kìíní: kí wọ́n gé e (“cut rifled”)

Èyí ló pẹ́ jù. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ilẹ̀ Jámánì ti ń fi ọwọ́ ṣe é láti nǹkan bí ọdún 1500. Ọ̀bẹ kékeré kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ni wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fà á gba inú ihò kọjá, á sì máa yí bó ṣe ń bọ̀. Ohun tó ń há kúrò lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bí 0.0001 ínǹṣì. Poro ráífù ọdẹ sábà máa ń jìn tó 0.004 ínǹṣì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìfà ogójì fún poro kan, bó bá sì jẹ́ poro mẹ́fà, 240 nìyẹn, kí a tó sọ ti ọ̀bẹ tí wọ́n ní láti máa gbé sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín. Kódà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ọ̀pá kan lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń rí gbà ní pàṣípààrọ̀ ni pé irin kò jìyà. Ṣe ni wọ́n ń mú un kúrò, wọn kò tì í, wọn kò lù ú, nítorí náà ìfúnpá tuntun kò wọ inú rẹ̀. Oníṣẹ́ sì lè ṣe ìlọ́ tó bá wù ú, títí kan èyí tó ń yá sí i bó ṣe ń sún mọ́ ẹnu. Harry Pope, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀bù tó há gádígádí ní Jersey City, ló lókìkí jù nínú irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà: poro mẹ́jọ, tó ń lọ́ sápá òsì, tó ń yá sí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń dúró pẹ́ kí iṣẹ́ wọn tó jáde, wọ́n sì ń dúró. Lónìí, Krieger àti Bartlein, tí àwọn méjèèjì wà ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló wà lára àwọn tí orúkọ wọn ń dún jù nínú ọ̀pá tí wọ́n gé.

Ọ̀nà kejì: bọ́tìnì (“button rifled”)

Ìgbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀nà kan ti dé tó gé wákàtí yẹn kúrú. Ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́tìnì kì í ṣe ti ẹ̀wù. Kókó kékeré kan ni, tí wọ́n fi kábáìdì ṣe, tó le ju irin ọ̀pá lọ fíìfíì, tó sì fẹ̀ ju ihò lọ díẹ̀. Ibi tí poro yóò wà nínú ọ̀pá, òkè ló jẹ́ lára kókó yìí. Wọ́n á fi agbára ẹ̀rọ fà á tàbí tì í kọjá, irin á sì yẹra fún un. Gbogbo poro á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, inú ihò á sì máa dán.

Kò sí èérún irin tó jáde, irin kàn sún ni. Ibẹ̀ ni ìṣòro rẹ̀ wà. Irin tó sún ti há ìfúnpá sínú, wọ́n sì ní láti fi ooru iná ààrò tú u. Bí wọ́n bá wá fá ẹ̀yìn ọ̀pá kí ó lè fúyẹ́ lẹ́yìn tí bọ́tìnì ti kọjá, ihò lè là sí i níbi tí irin ti fẹ́lẹ́ jù, ìyẹn sì ni ẹnu, ibi tí a sọ lókè pé a kò fẹ́ kó ti fẹ̀ rárá. Bí bọ́tìnì bá sì pàdé ibi tí irin ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyípo rẹ̀ lè lọ́ra níbẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ra irin tó dọ́gba, wọ́n ń gbé e wọ ààrò, wọ́n sì ń ju èyí tí kò bá dára nù. Shilen ní Texas, Lilja ní Montana, àti Lothar Walther ní Jámánì ń ṣe é báyìí, àwọn ọ̀pá wọn sì ń gba ẹ̀bùn níbi ìdíje.

Ọ̀nà kẹta: òòlù (“cold hammer forged”)

Ogun ló bí eléyìí. Ìbọn arọ̀jò-ọta MG42 ti Jámánì ń yin nǹkan bí 1,200 ọta ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá kì í pẹ́ jẹ lábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ lójú ogun. Kò sí bí ọ̀bẹ tó ń há 0.0001 ínǹṣì ṣe lè bá irú àìní yẹn dọ́gba. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Jámánì wá mú ọ̀nà míì wá ní nǹkan bí ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì: ẹ mú irin tó nípọn, tó kúrú, tó ti ní ihò; ẹ ti ọ̀pá líle tó ní àwòrán poro lára bọ inú ihò náà; kí òòlù ẹ̀rọ wá máa lù ú láti ẹ̀gbẹ́ títí irin yóò fi lẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Irin á gùn sí i bó ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ ń lu ilé tí kátíríìjì (ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ nínú kòròfo kan) ń jókòó sí mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Cold” inú orúkọ rẹ̀ kò ju pé wọn kì í fi iná sun irin náà kó tó pọ́n bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣe lẹ́nu ewìrì. Tútù ni wọ́n ń lù ú. Ìlù yẹn máa ń mú kí irin ki pọ̀ kó sì le, ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sì ń pẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí ráífù Steyr láti Austria tí ara ọ̀pá rẹ̀ ní àmì tó lọ́ yípo bí ejò, àmì òòlù ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má fá a kúrò ni.

Ẹ̀rọ òòlù yìí wọ́n gan-an, ó lè ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, ọ̀pá àwòrán kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti ìwọ̀n ọta kan àti ìlọ́ kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọ̀pá lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ló lè rà á. Sako àti Tikka, tí wọ́n ń ṣe ní Riihimäki ní Finland, jẹ́ àpẹẹrẹ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: ọ̀pá gígùn kan tó ní eyín lórí eyín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tí yóò gé gbogbo poro tán ní ìfà kan. Ó yá, wọ́n sì lò ó púpọ̀ nígbà ogun. Pípọ́n eyín wọ̀nyẹn lówó lórí, ẹ ò sì ní í gbọ́ orúkọ rẹ̀ púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Èwo wá ló péye jù?

Níbi ìdíje benchrest, ọ̀pá tí wọ́n gé àti ti bọ́tìnì ló kún ibẹ̀. Ti òòlù ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń sọ pé òòlù kò lè péye. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ òòlù kì í ṣe ọ̀pá fún irú ìdíje yẹn. Ọdẹ àti ológun ni wọ́n ń tà fún, wọn kì í sì jókòó ti ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń jókòó tì í kò lówó ẹ̀rọ òòlù. Tikka ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọta mẹ́ta láti inú ráífù òun kò ní í fọ́n ju nǹkan bí ínǹṣì kan lọ ní 100 yáàdì, ráífù náà kò sì wọ́n. Ọdẹ kí ló tún ń wá?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà la poro kì í sọ bí ọ̀pá ṣe péye. Ó ń sọ iye tí yóò náni kí ó tó lè péye dé ibi kan. Pẹ̀lú òòlù, ó rọrùn láti ṣe ẹgbẹ̀rún ọ̀pá tó dára. Pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó rọrùn láti ṣe ọ̀kan tó dára gidigidi, bí ẹnì kan bá ní sùúrù tó.

Níbo ni owó ń lọ?

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́. Ní 1857, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dán ráífù Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì kan, wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Enfield tí àwọn ọmọ ogun wọn ń lò. Ihò ọ̀pá Whitworth ní igun mẹ́fà, ìyípo kan ní ínǹṣì 20, wọ́n sì ṣe é pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Ó na Enfield mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní 1860, wọ́n gbé ọ̀kan lé orí ohun ìgbéró ní Wimbledon, Ọbabìnrin Victoria fa okùn rẹ̀ láti 400 yáàdì, ọta náà sì bà á ní ínǹṣì kan àti díẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Síbẹ̀, wọn kò fún àwọn ọmọ ogun: owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin Enfield, inú rẹ̀ sì ń tètè dọ̀tí.

Ọ̀pá 400 dọ́là ti òní náà rí bẹ́ẹ̀. Àkókò lẹni ń ra. Oníṣẹ́ á da òjé sínú ihò, á fi ìyẹ̀fun tó ń pọ́n irin pa á lára, á sì máa fi ọwọ́ fà á lọ fà á bọ̀ títí gbogbo ihò yóò fi dán dọ́gba. Á wọ̀n ọ́n, èyí tó bá kùnà á di irin àlòkù. Kí ẹ sì mọ̀ pé 400 yẹn kò tíì kan owó ẹni tí yóò dè é mọ́ ìbọn, tí yóò gbẹ́ ilé kátíríìjì sí i. Ìyẹn tún lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là.

Ọ̀pá ìdíje kì í pẹ́ pẹ̀lú. Ooru ẹ̀tù ń jẹ ìdí poro, àwọn ráífù ìdíje kan sì ń jẹ ọ̀pá tán láàárín 1,500 sí 3,000 ọta. Àwọn eléré ìdárayá náà ń kà á sí bí ẹni ń ra táyà. Àwọn ológun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń fi kúróòmù bo inú ihò. Kúróòmù ń jẹ́ kí ọ̀pá pẹ́, kò sì jẹ́ kó dípẹtà, ṣùgbọ́n ìbora náà kì í fìgbà gbogbo nípọn dọ́gba, ìpéye sì lè dín.

Bí ráífù tó ti ń yin ọta sójú kan tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé ń fọ́n wọn ká, ẹ má tíì sá lọ ra ọ̀pá tuntun. Ẹ wo bóyá ìdè awò ti tú. Ẹ yí irú ọta padà, torí ọ̀pá kan lè kórìíra ọta tí èkejì fẹ́ràn. Kí ẹni tó mọṣẹ́ wá wo etí ẹnu ọ̀pá, níbi tí ọta ti ń fara kan irin kẹ́yìn: bó bá ti gbá nǹkan tó sì sán níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa ti ọta síhà kan bó ṣe ń jáde. Gígé etí yẹn tún ṣe kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀pá.